Ẹ̀dùn Ọkàn Akọ́nimọ̀ọ́gbá Wa

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò kọ nípa àwọn ọ̀gá àgbà tí ó ti kọjá lọ, nípa ilé ìsìn wa, àti nípa ẹ̀wà tí a máa ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Ohun rere ni gbogbo ìwọ̀nyí, kí àwọn tí ìrántí wọn mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ máa kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tèmi dá lórí pápá simẹ́ńtì kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, àti lórí ọkùnrin tí ó ń kọ́ wọn. Mo yàn án nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sí méjì, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ kò sí ní ìpàdé mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, tí èmi kì yóò dárúkọ nítorí pé onítìjú ènìyàn ni, jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Kò gba kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ní oṣù Kejì ọdún, ó kọ lẹ́tà olójú ewé kan sí ìgbìmọ̀ tí ó ra bọ́ọ̀lù mẹ́rin fún ilé-ìwé, tí ó sì tún pátákó àti irin apẹ̀rẹ̀ ṣe, pé bí sáà ẹ̀kọ́ náà bá ti parí, òun yóò fi iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ náà sílẹ̀.

Lẹ́tà náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe kedere bí ìṣirò tí a ṣe lójú pátákó. Orúkọ ọmọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni ìdánrawò, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ọjọ́ bá dára, àwọn méje a wá. Bí òjò bá ṣú, àwọn mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wá kì í sáré, rìn ni ó ń rìn. Bí òun bá fọn fèrè pé kí wọ́n sáré yí pápá ká ní ìgbà mẹ́wàá, okùn bàtà gbogbo wọn a tú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òun bá ń ṣàlàyé, ojú wọn a wà lára fóònù tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ tówẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdíje bá pé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà tuntun, tí kálukú yóò fẹ́ wọlé gbá a. Ọ̀rọ̀ tí ó fi parí lẹ́tà náà ni èmi kò lè gbàgbé. Ó ní òun kò bínú pé àwọn ọmọ náà ń pàdánù. Ohun tí ó ń dun òun ni pé kò dùn wọ́n.

Ìpàdé tí a ṣe lórí lẹ́tà yìí gbóná. Ẹnìkan dìde, ó ní kí a dá owó dúró, kí a fi kun àga ilé ìkàwé. Ẹlòmíràn, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó jẹ ẹgba púpọ̀ nígbà tiwa tí kò sì pa á lára, dábàá ẹgba. Ẹnìkẹta sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí rí, wọn kò ní ìforítì. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó gba àtẹ́wọ́ jù, èmi sì jókòó, mo ń rò ó pé àwọn olùkọ́ wa sọ gbólóhùn kan náà nípa wa, lójú wa, lórí ilẹ̀ kan náà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní kí èmi lọ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, nítorí pé àlùfáà ni mí, àti pé láti ilé mi ní Àbẹ̀sàn mo lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé.

Kí n tó bá a sọ ohunkóhun, mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń wò. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù ní ẹ̀gbẹ́ pápá, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, bí ẹni tí ó ń múra ìwàásù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré yìí. Àwọn márùn-ún ni ó ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pápá tí òfin là sílẹ̀ gùn ní mítà 28, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà 15, nítorí náà kò jìnnà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ẹgbẹ́ kan bá lọ ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ àwọn alátakò, tí ó wọlé tàbí tí kò wọlé, àwọn márààrún gbọ́dọ̀ yíjú padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sáré lọ dáàbò bo apẹ̀rẹ̀ tiwọn kí àwọn alátakò tó dé ibẹ̀. Ìsáré padà yìí ni iṣẹ́ tí ó nira jù nínú eré náà. Ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí ó sáré padà tí ó sì dí ọ̀nà lè má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá.

Àwọn ọmọ wa kì í sáré padà. Bí wọ́n bá ń lọ síwájú láti ju bọ́ọ̀lù, ẹ ó rò pé àgbọ̀nrín ni wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn a dúró, wọn a fi ọwọ́ lé ìbàdí, wọn a máa wo ara wọn bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìpàjà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá a máa ké pé, “Ẹ padà! Ẹ padà!” títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Mo ka iye ìgbà tí ó ké e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì dákẹ́ kíkà nígbà tí ó kọjá ogójì.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ó ga ju gbogbo wọn lọ láti èjìká sókè. Nínú ọkàn mi mo ń pè é ní Sọ́ọ̀lù, nítorí ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní. Bí ó bá wá, a máa pẹ́ dé, a sì máa tètè lọ. Kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù tí ó ń yí lọ. Ó ń dúró kí ẹlòmíràn gbé e fún un. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan ohun tí ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe. Kò ronú rárá kí ó tó dáhùn pé, “Amẹ́ríkà ni, sà.” Ó ní ọkùnrin kan láti òde wá sí àdúgbò àwọn, ó fi okùn ìwọ̀n wọn òun láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ó sì sọ fún ìyá òun pé gíga yìí nìkan tó fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ náà ti dẹ́kun iṣẹ́. Àwọn àgbà ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì. Ogún ti ọmọ yìí ni egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ kan tí ó ń ti Bàrúwà wá. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì pupa, nítorí pé nínú ìgbà mẹ́wàá, ó lè wá ní ìgbà mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè wa mọ ìyà omi tí ó wà ní Bàrúwà. Ó ti lé ní 20 ọdún tí epo ti jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga àwọn ará ibẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé omi tí wọ́n ń fà ń rùn bí epo bẹntiróòlù, tí wọ́n sì ní láti máa ra omi tàbí kí wọ́n lọ pọn ọ́n níbòmíràn. Ọmọ yìí ni àkọ́bí ilé wọn. Aago mẹ́rin tí a fi ṣe ìdánrawò gan-an ni aago tí ó fi ń ti kẹ̀kẹ́ kéègì omi. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ń tijú. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo rí i lórí pápá, ó sáré padà nígbà gbogbo.

Àwọn méjì ń bá ìyá wọn pa ọjà mọ́ ní Ayọ̀bọ́. Àwọn mẹ́ta wà ní ẹ̀kọ́ àfikún ti JAMB tí òbí wọn ti san owó rẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì rí òbí tí yóò fi owó yẹn ṣòfò nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe purọ́ fún yín: ó ku bí márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò ní àwáwí kankan ju ọ̀lẹ lọ. Mo rí wọn ní ẹnu géètì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí fèrè ń dún. Òtítọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ sínú lẹ́tà rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé oríṣi ọmọ mẹ́rin ni ó kó jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú ní ẹgbẹ́ tiwọn, mẹ́sàn-án ni wọ́n, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì ń wá. Èmi kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì fẹ́ dá àbá.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo rántí ohun tí mo ti kà nípa ẹni tí ó dá eré náà sílẹ̀. James Naismith, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ ẹnìkan nínú ẹ̀yà iṣẹ́ tèmi: ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Ọlọ́run ní Montreal kí ó tó gba ilé-ẹ̀kọ́ YMCA lọ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní ìgbà òtútù ọdún 1891, wọ́n gbé kíláàsì kan tí ó ní ọkùnrin 18 lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ méjì ti gbìyànjú lórí wọn ṣáájú rẹ̀, ó sì ti sú àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n. Àgbà ọkùnrin ni wọ́n, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ Kristẹni, ṣùgbọ́n eré ìdárayá inú ilé ti sú wọn, wọ́n sì ń fi í hàn. Ọ̀gá ibẹ̀, Luther Gulick, fún Naismith ní ọjọ́ 14 láti wá eré tuntun tí yóò mú wọn. Ó gbìyànjú eré tí ó mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ já sí òfo. Nígbà tí ọjọ́ ń lọ sópin, ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ara báákónì ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 10, ó kọ òfin 13, ó pín wọn sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Àmì ayò kan sí òdo ni eré àkọ́kọ́ náà parí sí. Gíga ẹsẹ̀ bàtà 10 yẹn náà ni apẹ̀rẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn wa ní Ìpàjà.

Ẹ wò ó, ó lé ní 130 ọdún tí àwọn ọmọlẹ́yìn ti ń sú akọ́nimọ̀ọ́gbá. Inú àìbìkítà ni a ti bí eré yìí. Naismith fúnra rẹ̀ lọ di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Kansas lẹ́yìn náà. Ìdíje 55 ni ó borí, ó pàdánù 60, òun nìkan sì ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tí ó ti di ipò náà mú níbẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ fi wọn ọkùnrin wa wọn Naismith, à bá ti lé e.

Mo gbìyànjú láti sọ ìtàn mìíràn fún Sọ́ọ̀lù mi, nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa dárúkọ Hakeem Olajuwon. Èkó ni a bí ọkùnrin yẹn sí ní 1963. Simẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980 ó dé Yunifásítì Houston, ọdún kan gbáko ni ó fi wà níbẹ̀ láìgbá ìdíje kankan fún wọn. Nígbà ìsinmi, ó ń lọ bá Moses Malone, tí ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, wọ́n a sì jọ máa kọlu ara wọn nínú gbàgede ìdárayá ìlú. Ní 1994 àti 1995 ni ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbogbo èyí ni ọmọ náà mọ̀ lórí. Èyí tí kò mọ̀ ni mo bi í: “Kí ni ohun tí ó ṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè ṣe tó o nínú NBA títí di òní?” Ó ní bóyá àmì ayò ni. Rárá o. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlòmíràn jù tí ó fi ọwọ́ gbá dànù ni, 3,830 ni iye rẹ̀. Ẹni tí kò bá sáré padà kò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúpẹ́, ó sì lọ sílé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn yòókù.

Nígbà tí mo wá jókòó ti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ti mọ ohun tí mo bá wá. Ọmọ oníwàásù ni òun náà, Bíbélì ni ó sì fi pàdé mi.

Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé Gídíónì kò dá wọn padà ni? Ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, ọ̀ọ́dúnrún ni ó mú lọ. Mo fẹ́ lé mẹ́wàá nínú wọn dànù, ọ̀gá àgbà sì ní n kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn òbí. Kí ni mo tún wá ń ṣe níbẹ̀?”

Mo sọ fún un pé kí ó ka orí náà dópin. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ni ó kọ́kọ́ lọ nítorí ẹ̀rù, omi ni a fi yan ọ̀ọ́dúnrún nínú ẹgbàárùn-ún tí ó kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Mídíánì bẹ̀rẹ̀ sí í sá, àwọn ènìyàn Náfútálì, Áṣérì àti Mánásè ni a tún pè jáde láti lépa wọn, ẹ̀yà kan náà tí ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ìpè Gídíónì. Àwọn tí a rán lọ sílé kò di ọ̀tá. Mo wá rán an létí Jòhánù Máàkù, tí ó fi Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sílẹ̀ ní Pámfílíà, tí ó padà sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí ìrìn àjò kejì yá, Pọ́ọ̀lù ní òun kò lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Bánábà ní òun yóò mú un. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pínyà. Ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, àwọn olùkọ́ wa máa ń fẹ́ kí a dá Bánábà láre, nítorí pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù darúgbó nínú ẹ̀wọ̀n, ó kọ̀wé sí Tímótì pé kí ó mú Máàkù wá, nítorí pé ó wúlò fún òun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tèmi, ìkọ̀sílẹ̀ Pọ́ọ̀lù wà lára ohun tí ó sọ Máàkù di ènìyàn. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un pé ohun tí ó ṣe kò dára, kí ẹlòmíràn sì di apá rẹ̀ mú. Ohun tí mo fẹ́ kí ọkùnrin yìí rí nìyẹn, pé kí ó lé àwọn tí ó yẹ ní lílé láìdi ọ̀tá wọn.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè jẹ́ẹ́ pé, “Bàbá, tí èmi bá ṣe Pọ́ọ̀lù, ta ni yóò ṣe Bánábà? Èmi nìkan ni mo wà lórí pápá yẹn.”

Ìbéèrè yìí ni mo gbé padà sí ìgbìmọ̀, òun ni ó sì yí ìpàdé náà padà. Kí a tó dé ibẹ̀, àwa àgbà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ọmọdé nìkan ni kì í dúró ti iṣẹ́ dópin. Mo ní kí wọ́n rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wa, D'Tigress. Wọ́n ti jìjàdù, wọ́n ti rí ààyè gbà sí ìdíje àgbáyé ti ọdún 2022. Nítorí ìjà àwọn àgbà lórí ta ni yóò ṣe olórí àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún náà pé Nàìjíríà yóò fà sẹ́yìn fún ọdún méjì nínú gbogbo ìdíje òkè òkun. Wọ́n yí i padà ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Màlì ni wọ́n fi rọ́pò wa. Ta ni kò sáré padà níbẹ̀? Àwọn ọmọbìnrin náà kò torí èyí jókòó sílé. Wọ́n gba ife Áfíríkà ní 2023, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbà á ní 2017, 2019 àti 2021, wọ́n sì tún gbà á ní 2025. Ní Paris ní 2024, wọ́n borí Australia àti Kánádà, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò dé ìpele kẹta sí àṣekágbá nínú eré Òlíńpíìkì. Obìnrin kan, Rena Wakama, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ẹni tí ó dábàá ẹgba bi mí pé, “Kí ni a ó wá ṣe, Àlùfáà?” Mo ní ohun tí ọkùnrin náà béèrè kì í ṣe owó, ènìyàn ni.

A rí ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí ó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní yunifásítì, ń gbé ní Gowon Estate. Ó gbà láti máa wá ní òwúrọ̀ Sátidé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ gbé ìdánrawò Ọjọ́bọ̀ kúrò, ó fi sí aago méje òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí omi Bàrúwà ti wà nílé, tí ẹ̀kọ́ JAMB kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan mú kí iye àwọn tí ó ń wá di mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun kan tí ó yẹ olùkọ́ ìṣirò. Ó fa ìlà tuntun sínú ìwé rẹ̀. Títí di ìgbà náà, àmì ayò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jù wọlé nìkan ni ó ń kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sáré padà, ó sì ń kà á sókè fún gbogbo wọn ní ìparí ìdánrawò, láti orí ẹni tí ó pọ̀ jù dé orí ẹni tí ó kéré jù. Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ó kà á. Ọmọ Bàrúwà ni ó ṣáájú, ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ yòókù yíjú wò ó bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Nígbà tí ó kan Sọ́ọ̀lù, ìgbà méjì ni.

Ó lé àwọn mẹ́rin kúrò, ọ̀gá àgbà sì gbà fún un nígbà tí ó rí ìwé náà, nítorí pé kò sí òbí tí ó lè bá iye tí a kọ sílẹ̀ jà. Sọ́ọ̀lù kò sí nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tí a gbàlejò ilé-ìwé kan ní oṣù Kẹfà. A pàdánù, 31 sí 27. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń kùn pé bí a bá fi ọmọ gíga náà sínú eré, à bá borí. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún. Méjì nínú àwọn ọmọ náà jókòó sórí simẹ́ńtì, wọ́n ń sunkún, ó sì dúró tì wọ́n láìsọ nǹkan kan.

Sọ́ọ̀lù kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ kò dùn. “Ẹ̀yin Àlùfáà, ọmọ mi ni ẹ fẹ́ kí ó pàdánù Amẹ́ríkà?” Mo fi sùúrù gbọ́ ọ. Mo fi ìwé náà hàn án, ìgbà méjì, ìgbà mẹ́rin, ìgbà méjì. Ó wò ó pẹ́, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí ó fi okùn ìwọ̀n wọn ọmọ náà kò tíì padà wá.

Arákùnrin wa láti Gowon Estate ti lọ wá ọmọ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń rọ irin, níbi tí ó ti ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ọmọ náà sá gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ní ìgbà kejì wọ́n jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, wọn kò sì dárúkọ bọ́ọ̀lù. Ó ní òun yóò tún lọ.

Ní ti lẹ́tà tí ó dá gbogbo èyí sílẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tíì gbà á padà. Mo bi í léèrè nígbà tí mo fẹ́ kọ nǹkan wọ̀nyí, ó ní kí a ṣì jẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé títí di òpin sáà kejì, kí òun tó mọ̀. Mọ́kànlá ni ó wá ní Sátidé tí ó kọjá, òjò sì rọ̀.